Ewúrẹ́ Inú Ìwé Òyìnbó àti Ìyá Tó Kúnlẹ̀

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bọ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá yín ní Bẹ́yẹ́rúnká níbí ni mo jókòó sí, tí mò ń kọ̀wé sí ẹni tí kò mọ̀wé kà nígbà tó wà láyé. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ta ni mo tún fẹ́ sọ ọ́ fún? Ojú ń tì mí, Ìyá. Ó ti ń tì mí tipẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ lánàá ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí.

Ẹ óò rántí ìwé àwòrán yẹn, èyí tí ìyàwó àlùfáà òyìnbó yọ láti inú àpótí rẹ̀ tó ti òkè òkun dé, tó ní kí n fi ṣe eré fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa. Ewúrẹ́ kékeré kan ló jáde nílé láti lọ wo ibi tí oòrùn ń sùn. Àwòrán mẹ́wàá péré, ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wò ó wò ó, mi ò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ di eré. Ìgbà tó sú mi ni mo gbé e wá bá yín nídìí ìkòkò aró. Ẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ nù ún, síbẹ̀ ọkàn yín kò balẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ lẹ fi ń ṣí i, kí aró má baà ta sára ìwé òyìnbó.

Nígbà tí ẹ wò ó dé òpin, ẹ pòṣé. Ewúrẹ́ dá lọ, ó dá bọ̀, ó sùn! Inú bí yín gidi. Irú ìyá wo ni ọmọ rẹ̀ á sọnù látàárọ̀ tí kò ní wá a? Lójú ẹsẹ̀ lẹ dá ìyá ewúrẹ́ tiyín sílẹ̀, tí ẹ ní kó máa ti agbo ilé dé agbo ilé, kó máa kọrin pé, “Ẹ bá mi pè é kó wálé, oòrùn ń lọ sùn o.” Ẹ sọ bí alágbẹ̀dẹ kò ṣe gbójú sókè dá a lóhùn, ẹ sọ bí bàbá arúgbó tí etí rẹ̀ di ṣe bu omi fún un dípò èsì. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún wá gbé kíjìpá ńlá kan, ẹ rẹ ẹ́ láró lẹ́ẹ̀méje, kó lè dúdú bí ojú ọ̀run tí a ó ta sẹ́yìn eré.

Lọ́jọ́ eré, èrò wá láti Ọ̀rányàn, wọ́n wá láti Ìsàlẹ̀ Òsì, títí kan àwọn tí kì í ya ọ̀dọ̀ wa onígbàgbọ́. Nígbà tí ìyá ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin rẹ̀, gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló bá a gbè é. Bí eré ṣe parí, ìyàwó àlùfáà àti àwọn òyìnbó àlejò rẹ̀ yí mi ká. Ó fẹ́ mọ ẹni tó dá ìyá ewúrẹ́ sílẹ̀, nítorí kò sí nínú ìwé. Mo ní èmi ni. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ!

Ibẹ̀ ni mo ti rí yín tí ẹ ń la èrò bọ̀. Aró dé ìgúnpá yín, òórùn rẹ̀ wà lára ìró yín, ẹ̀rín sì kún ẹnu yín. Ọmọ tó dára á ti nà gbalaja. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá dọ̀bálẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bí mi, wọ́n á bi yín léèrè nípa eré, òtítọ́ á sì jáde. Mo tún ro ti aṣọ funfun tó wà lọ́rùn mi. Háà, aṣọ! Mo dúró gbọnrangandan.

Ẹ wo ojú mi. Kí lẹ rí níbẹ̀, Ìyá? Mi ò ní mọ̀ láéláé. Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí ẹ bí! “Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Eré yín dùn.” Ẹ̀yin tó jẹ́ pé oríkì mi nìkan lẹ fi ń pè mí láti kékeré. Òyìnbó béèrè ẹni tí ẹ jẹ́, mo ní obìnrin tó bá wa rẹ aṣọ ni. Kì í kúkú ṣe irọ́, ìyẹn ló tún burú jù níbẹ̀. Ẹ ti kúnlẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ bí mi. Ó yẹ kó tán síbẹ̀.

Mo wálé lọ́jọ́ kejì, ẹ bu oúnjẹ fún mi, ẹ tọ́ aró wò lẹ́nu bí ìṣe yín, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ sì tutọ́. Bí mo bá gbàgbé láti dé ìkòkò iyọ̀ lásán, èébú yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ọjà'ba. Kí ló dé tí ẹ ò bú mi lọ́jọ́ yẹn? Mò ń sọ pé lọ́la ni n óò bẹ̀ yín, lọ́la, lọ́la. Òjò dé, ikọ́ mú yín, ó sì gbé yín lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lánàá la tún eré náà ṣe. Mo ti pinnu pé bó bá parí, n óò dìde níwájú gbogbo èèyàn, n óò sọ ẹni tó ni í, n óò sì sọ ohun tí mo ṣe. Mo ti dìde. Ni àwọn aláró ẹgbẹ́ yín bá wọlé, Ìyá Àdùkẹ́ tí ẹ jọ ń lo àgọ́ kan ló ṣáájú. Ó di ọwọ́ mi mú, omi ń dà lójú rẹ̀. Wọ́n wá dúpẹ́ ni. Ó ní títí ẹ fi kú, ẹ ò yéé ròyìn ọjọ́ yẹn nídìí aró: pé mo dọ̀bálẹ̀ fún yín níwájú àwọn òyìnbó, àyà mi kanlẹ̀, erùpẹ̀ ba aṣọ funfun mi jẹ́, mo sì nawọ́ sí yín pé ìyá mi nìyí, òun ló ni ìtàn.

Irọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ pa á! Ẹ̀yin tí ẹ kì í pa irọ́ fún oníbàárà lórí aṣọ tó bá ṣá!

Bí mo bá sọ òótọ́, mo ti sọ yín di òpùrọ́ lójú ẹgbẹ́ yín. Bí mo bá dákẹ́, mo tún jí nǹkan kejì gbé lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìtàn: ìyìn ìdọ̀bálẹ̀ tí mi ò ṣe. Èwo ni kí n ṣe, Ìyá? Mo ṣì ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Àdùkẹ́ gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní, “Bí o ṣe ṣe sí ìyá rẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ yóò ṣe sí ọ.”

Mo ní àmín. Mo ṣe é sókè, gbogbo wọn ló gbọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ bo àṣírí rẹ̀.