Ibi Tí Wọ́n Sin Habeeb Sí

                                                  Òpópónà Rélùwéè,
                                                  Ọ̀fà,
                                                  Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                                  9 Oṣù Kejì, 2025.

Bọ̀dá Taofeek mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé dáadáa lẹ wà ní Kàdúná? Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo yín. Àwa náà wà níbí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ nítorí Alhaji, bàbá wa.

A ti dé láti Tógò. A kò rí sàréè Habeeb, àbúrò wọn.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ló gbé Màmá Ràfátù, ìyá Alhaji, kúrò ní Ọ̀fà nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, kí àwọn àti ọkọ wọn tó wọ mọ́tò dé Kùmásí. Aṣọ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọdún tí Gáná gba òmìnira ni wọ́n bí Alhaji. Màmá máa ń sọ pé ariwo ayọ̀ ìgboro kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ igbe ọmọ àwọn. Ìlú yẹn náà ló lé wọn ní 1969. Ìjọba ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ Màmá ti kú nígbà náà. Màmá ti ìsọ̀ pa, wọ́n pọn Habeeb, wọ́n fa Alhaji lọ́wọ́. Nílé níbí, ogun Bìáfúrà kò tíì parí.

Ojú ọ̀nà Tógò ni Alhaji ti sọ èyí tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún mi. Mọ́tò já wọn sílẹ̀ ní ẹnubodè Tógò, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó rẹ Màmá, wọ́n gbé Habeeb sẹ́yìn Alhaji. Ibà ń ṣe ọmọ náà. Alhaji rò pé ó sùn ni. Inú wọn tiẹ̀ dùn pé kò sunkún mọ́. Màmá ló fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọmọ mi. Àbúrò rẹ ti lọ." Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n sin ín sí, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kékeré kan tí wọ́n fi amọ̀ kọ́. Títí Màmá fi kú, wọn ò padà débẹ̀.

Bọ̀dá, wọ́n ti fẹ ọ̀nà náà. Ọ̀dà ni gbogbo rẹ̀. Alhaji ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú oòrùn, wọ́n ń sọ pé, "Ibí ni, Sherifat. Rárá, kì í ṣe ibí." Bàbá àgbà kan tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ ní katakata ti wó mọ́ṣáláṣí alámọ̀ náà tipẹ́tipẹ́, kò sì sí ẹni tó hú òkú kankan kúrò. Alhaji bá kúnlẹ̀ sí etí títì, wọ́n ń fọwọ́ pa ọ̀dà náà, ọkọ̀ àjàgbé ń kọjá lára wa.

Mo ní, "Alhaji, ẹ jẹ́ ká ṣe àdúà fún un."

Wọ́n ní, "Orí ibo la ó ti ṣe é?"

Láti ìgbà tí a ti dé, Alhaji ò jẹun gidi, wọn ò sì lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí mọ́. Mo ń gbé oúnjẹ wọlé, mo ń gbé e jáde. Lánàá, Fatimah ọmọ mi ní kí wọ́n sọ ìtàn Kùmásí fún òun, èyí tí wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sọ.

Wọ́n ní, "Èmi ò gbé Gáná rí."

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ẹ wá, Bọ̀dá. N kò mọ ohun tí ẹ ó ṣe tí ẹ bá dé, ṣùgbọ́n ẹ wá.

                                                  Èmi àbúrò yín tí agara ti dá,
                                                  Sherifat.