Bàbá Mi, Mo Ti Gba Ajá Mi Lọ́wọ́ Bọ̀dá Dókítà

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ojú mi ṣì ń wá létí omi,

Mo kí yín o. Ilé dákẹ́ báyìí, àwọn obìnrin ilé ti lọ sọ́jà, mo sì rí àyè jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, kí n fi ìwọ̀nba ìwé tí ẹ rán mi lọ kà kọ èyí sí yín. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìyá. Mi ò bá yín jà sí i. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ṣì lè kọ̀wé ni.

Mo ti lọ́kọ, Bàbá. Ní Ìkòròdú níbí ni, ní Lásunwọ̀n. Àbúrò yín ló jókòó sípò yín lọ́jọ́ ìdána. Nígbà tí wọ́n ní kí bàbá ìyàwó ṣàdúrà, ó ṣe é dáadáa, gbogbo èèyàn ṣàmín, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni èmi ń wò. Ọkọ mi ń wa mọ́tò fún òyìnbó kan. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Bó bá fẹ́ bá mi sọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ ṣí fìlà, bí ẹ ti máa ń ṣe. Ẹ̀ bá ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó dùn mí pé mi ò tètè sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Ojú ló ń tì mí, mo rò pé àyè ṣì wà.

Nígbà tí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ń padà sílùú wọn, ó fún ọkọ mi ní ọmọ ajá kan. Ọkọ mi gbé e wá kí ó máa bá mi gbé, nítorí iṣẹ́ mọ́tò kì í jẹ́ kí òun sùn sílé lemọ́lemọ́. Ajá funfun ni, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ara rẹ̀ kéré débi pé ó lè wọ inú igbá kó sì yí ara padà níbẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ nípa ajá àti ìrun. Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ ti ṣe sí ajá tó ń ṣọ́ ẹja yíyan wa ni mò ń ṣe sí tèmi: àwo tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló ń sùn, kì í sún mọ́ ẹní ìkírun. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ti máa ń ká ṣòkòtò sókè kí ó má fi imú kàn yín, tí ẹ ó sì tún dúró pẹ́ níwájú rẹ̀, tí ẹ ó máa ròyìn omi fún un bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀? Kí ni ajá yẹn máa ń sọ fún yín tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín?

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde kọ̀wé rèé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan wà nínú agboolé yìí tó jẹ́ dókítà ẹran. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, òun àti àwọn méjì mìíràn ló ń yẹ màlúù wò níbi ìpẹran. Bọ̀dá Dókítà ni mò ń pè é. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ àbísọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ọmọ ọwọ́ tó ṣáájú mi dé ilé yìí pàápàá, ọkọ mi ni, ká má tíì sọ ẹ̀gbọ́n ọkọ. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn ewúrẹ́ ìyá ọkọ mi ń ṣunú, àràárọ̀ ló ń wá wò wọ́n títí ara wọn fi dá. Ewúrẹ́ àti màlúù, ó mọ̀ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi kúnlẹ̀, tí mo fi ọmọ ajá mi lé e lọ́wọ́.

Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní aràn ló wà nínú rẹ̀, òun ni kò jẹ́ kó dàgbà. Ó fún un lóògùn aràn. Nígbà tó yá, ó tún wò ó, kò ga sí i. Ó tún fún un. Àwọn ajá tí gbogbo wa mọ̀ níbí, bí o bá fún wọn ní oúnjẹ, wọ́n á ga. Ta ló ti gbọ́ pé ajá kan wà tí kì í ga? Èmi náà ò gbọ́ ọ rí. Àwọn obìnrin ilé a máa bi mí pé, “Ìyàwó, ṣé ajá rẹ ń gbààwẹ̀ ni?” Èmi a rẹ́rìn-ín, màá wolẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, a jókòó, à ń bó gbágùúdá, Bọ̀dá Dókítà dé. Ó gbé ajá náà sókè, ó fi han gbogbo wọn. Ó wo ikùn mi, ó tún wo ajá. Ó ní, “Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹja nìkan lẹ mọ̀. Ìyàwó, ọwọ́ rẹ ni kì í jẹ́ kí nǹkan dàgbà.”

Bàbá, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ìyàwó tuntun tí kò tíì lóyún. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbé ọmọ rẹ̀ fún mi pọ̀n mọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan o. Wọ́n kàn ń gbé ọmọ wọn gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá ni.

Ìyàwó tuntun ò lè dá ẹ̀gbọ́n ọkọ lóhùn. Ṣùgbọ́n ta ló lè ní kí èèyàn má sọ ajá rẹ̀ lórúkọ? Mo sọ tèmi ní Ẹ̀sanńbọ̀. Láàárọ̀, màá gbé àwo rẹ̀ síta, màá pè é kí gbogbo agboolé gbọ́: “Ẹ̀sanńbọ̀! Ẹ̀sanńbọ̀ o!” Èmi tí ẹ máa ń sọ pé ohùn mi ò kọjá ètè. Ìyá ọkọ mi yọrí lójú fèrèsé.

“Ìyàwó, ta lò ń bá wí?”

“Ajá mi ni mò ń pè, Mà.”

“Ajá kẹ̀? Ó dáa. Máa pè é jẹ́ẹ́jẹ́, kì í ṣe adití.”

Nígbà tí Bọ̀dá Dókítà tún dé, ó bi mí ní orúkọ ajá. Mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo ní, “Ẹ̀sanńbọ̀ ni, sà.” Ó wò mí títí. Ó bu oògùn, ó sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ náà ni ajá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè dìde dúró. Ṣé ìbínú ló bu oògùn yẹn ni, àbí àìmọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí wọ́n ti ń rí inú èèyàn, ṣé ẹ rí i?

Mo sọ fún ọkọ mi pé ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn. Ó ṣí fìlà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni. Bí a bá gbé ajá gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, gbogbo Lásunwọ̀n ni yóò gbọ́.” Mo ní tó bá kú ńkọ́? Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó lọ fọ mọ́tò.

Mo ní mò ń lọ kí Ìyá. Mo gbé ajá náà sínú agbọ̀n, mo fi aṣọ bò ó, a wọ ọkọ̀ omi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Iléyá ti sún mọ́lé, dókítà ẹran àgbà kan wà nítòsí Ọjà Olúwo tó ń yẹ àgbò wò. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá. Mo kúnlẹ̀ kí i, kò dáhùn. Kò wo ojú mi, eyín ajá ló ń wò.

“Ajá yìí ti dàgbà tán.”

“Hẹ̀n, sà?”

“Bó ṣe máa mọ nìyí. Ìran wọn kì í ga. Ta ló ń fún un lóògùn?”

Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, aràn ló ní ó ń wò. Ó pòṣé. Ó ní oògùn yẹn ló ń pa á lọ, kí n má fún un mọ́, kí n máa fún un ní omi ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀, kí n sì tún gbé e padà wá. Ó wá bi mí ní orúkọ dókítà tó ń ṣe irú èyí. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé.

“Ṣé o ò mọ orúkọ ẹni tó ń wo ajá rẹ ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ìyàwó ilé ni mí.”

Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tó ń pàtẹ nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Dókítà, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tì í sóde nílé ọkọ ni?” Ṣùgbọ́n dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó ń yẹ ẹran wò ní Ìkòròdú lé lọ́kan, bí wọ́n bá bi wọ́n, kálukú á na ìka sí ẹnì kejì. Ó ní bí mo bá lè pe orúkọ náà, kí n mú un wá nígbà tí mo bá ń gbé ajá padà bọ̀, òun á mú kí ọ̀gá wọn ránṣẹ́ pè é. Mo gbé orúkọ náà sábẹ́ ahọ́n wọ ọkọ̀ omi. Ó ń ta mí lẹ́nu bí ata.

Kò pẹ́ tí mo dé, Bọ̀dá Dókítà yọ pẹ̀lú ìgò àti ṣíbí. Àwọn obìnrin ilé wà níbẹ̀, wọ́n ń fọ gbágùúdá. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìró bo ajá mi.

“Gbé e wá.”

“Rárá, sà.”

“Kí lo wí?”

“Ẹ ò ní wò ó mọ́, sà. Ó ti ní dókítà míì ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní ó ti dàgbà tán, oògùn aràn ló ń pa á.”

Ìyàwó ilé kan tó ṣáájú mi dé agboolé ló kọ́kọ́ pariwo. “Yéè! Àgbàlagbà ajá la ń bú pé kò dàgbà!” Gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan da omi gbágùúdá nù. Bọ̀dá Dókítà dúró láàárín wọn tòun ti ìgò àti ṣíbí rẹ̀. Bàbá, ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní tan yín jẹ. Ó dùn mọ́ mi nínú eegun.

Ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ajá mi ti ń jẹun, ó ti ń sáré. Èmi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó sọ sí ọwọ́ mi ṣì wà nílẹ̀ níbi tó sọ ọ́ sí. Ìyá ọkọ mi pè mí sí yàrá, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run. Mo ní, “Mo ti kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run, Mà, ajá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.” Mo ní kí Bọ̀dá jókòó láàárín àwọn obìnrin kan náà, kí ó sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ mi. Ẹyọ ọ̀rọ̀ yẹn péré. Wọ́n bá mi jẹ́ ẹ. Èsì tó dé ni pé ọkùnrin kì í bẹ ìyàwó tí wọ́n gbé dé lánàá.

Mo rántí ọkùnrin tó gé àwọ̀n yín. Ẹ mọ̀ ọ́n, gbogbo etí omi mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ẹ tún bá a jẹun nígbà ọdún. Ó tún gé e. Ẹ tún ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ń bá yín so àwọ̀n náà, Bàbá. Mo rí ọwọ́ yín.

Nítorí náà, mo ti pinnu. Dókítà Ẹ̀pẹ́ ni yóò máa wo ajá mi, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kí. Bí mo bá sì tún gbé e débẹ̀, màá la ẹnu mi, màá pe orúkọ àbísọ Bọ̀dá Dókítà, màá pe ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹlẹ́ja àti alágbò gbọ́. Bí wọ́n bá ń fi mí kọrin ní Lásunwọ̀n, kí wọ́n máa kọ ọ́. Ọkọ mi lè bínú. Mo ní ìrètí pé kò ní bínú pẹ́.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, oríṣiríṣi nǹkan ni mò ń bi yín, ẹ kì í dáhùn, mo sì ń sunkún sí i. Èyí nìkan ni mi ò bi yín. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ má wá sójú àlá mi títí màá fi ti Ẹ̀pẹ́ dé.

Èmi ọmọ yín ni, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.