Kí Ló Ń Jẹ́ Pudar?

Abúlé Lozica,
Sẹ́bíà.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹjọ, 1962.

Lubinka, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Belgrade? Ìyàwó ojú ọ̀nà, ṣé ara rẹ le? Àfẹ́sọ́nà rẹ àti àwọn òbí rẹ̀ ńkọ́? Bàbá wa ń bẹ, ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn ún.

Mo ka lẹ́tà rẹ sí i létí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní tó bá wá síbi ìgbéyàwó rẹ, kó má sọ fún àwọn àna rẹ pé pudar ni òun, mo fò ó. Inú bí mi, n kò ní purọ́ fún ọ. O ní ará ìlú ńlá yóò ní ẹni tó ń lé ẹyẹ nínú ọgbà àjàrà ni. Ó ń lé ẹyẹ lóòótọ́, ó sì ń ṣọ́ ọgbà àjàrà gbogbo abúlé lọ́wọ́ olè. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún sí àjọ̀dún Ìpaláradà Jésù, tí wọ́n máa ń súre sí àjàrà tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà kò tíì súre sí àjàrà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ já a. Àfi bí ìyàwó Radoje ọmọ mi, tó lóyún, ṣe ní àjàrà nìkan ló ń wu òun jẹ. Mo yọ́ wọ ọgbà wa, ọgbà ara wa o, mo já ṣírí kan. Kí n tó yíjú, Bàbá ti dúró lẹ́yìn mi.

"Bọ́ ìborí ẹ."

"Bàbá, èmi ni, Stamena!"

"Mo rí ẹ. Ojú mi ò tíì fọ́. Bọ́ ọ wá."

Bó ṣe ń gba fìlà lórí olè, bẹ́ẹ̀ ló gba ìborí mi, ó fi kọ́ sórí ọ̀pá níwájú ahéré rẹ̀. Ó ní kí n gbé àjàrà náà fún aláboyún, pé ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni, kì í ṣe ti oyún. Mo sunkún délé.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ó dá ìborí náà padà fún mi lójú gbogbo ìjọ. Mirko aláwàdà ní, "Stamena, ṣé ó dùn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ni Gvozden àgbà bá ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ ẹ̀ ló mú yẹn o. Pudar nìyẹn!"

Ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ níbí nìyẹn, Lubinka. Bí ẹni méjì bá ń jà sí ààlà, wọn a ní kí wọ́n lọ bi pudar. Kọ́kọ́rọ́ ilé mẹ́fà tí àwọn onílé rìnrìn àjò ló wà lọ́wọ́ Bàbá báyìí.

Lánàá ni mo wá ka ibi tí mo fò fún un. Mo rò pé yóò bínú. Ó kàn ń fọwọ́ pa irunmú rẹ̀.

"Kò burú. Kọ̀wé sí i pé tí wọ́n bá bi mí, màá ní àgbẹ̀ ni mí. Àbíkẹ́yìn mi ni, mi ò fẹ́ kójú tì í."

Radoje àti ìyàwó rẹ̀ ń kí ọ. Bá mi kí àfẹ́sọ́nà rẹ, kí o sì fúnra rẹ sọ fún un pé pudar ni bàbá rẹ, kí Bàbá tó dé. Ọkùnrin tí kò bo àṣírí mi lórí ṣírí àjàrà kan ti múra tán láti purọ́ nítorí rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ dénú,
Stamena.