Ẹsẹ̀ Fosuaa àti Ìwádìí Tí Ọmọ Mi Ń Ṣe ní Kumasi

Asubima,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn òjò.

Oforiwaa ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kí o tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, àbí tíì lásán lo ṣì ń mu? Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní ìdúró, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ ọ́. Bó bá bá ọ ní ìjókòó, kí ìjókòó náà tù ọ́ lára. Èmi àti bàbá rẹ wà láàyè, a ń dúpẹ́. Ikọ́ bàbá rẹ ti dínkù, ṣùgbọ́n tí àlejò bá ti wọlé ó máa ń wúkọ́ gan-an kí wọ́n lè bá a kẹ́dùn. Kòkó tó wà lẹ́yìn odò so dáadáa. Ewúrẹ́ funfun bí ìbejì, ọ̀kan jọ àbúrò bàbá rẹ, a kò sì tíì sọ fún un.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Fóònù ò dára fún ọ̀rọ̀ gígùn, torí ó máa ń gbóná létí mi, bàbá rẹ sì sọ pé ooru yẹn ni àwọn ọ̀rọ̀ tí kò tíì rí ọ̀nà jáde. Láti ìgbà tí mo ti dé láti ìpàdé ẹ̀yin dókítà ní Kumasi, n kò rí ẹni tí mo lè ròyìn rẹ̀ fún tí kò ní já lu ọ̀rọ̀ mi. Ìwọ lo wà lórí pèpéle níwájú, èmi ni mo wà lẹ́yìn, o kò lè mọ ohun tí ojú mi rí níbi tí mo jókòó sí. Torí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí o tilẹ̀ mọ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún wa pé yàtọ̀ sí iṣẹ́ abẹ, ìwádìí lo tún ń ṣe lórí egbò ẹsẹ̀ àti iṣan ẹ̀jẹ̀, inú bàbá rẹ ò dùn. Ìwádìí tí àwa mọ̀ ní Asubima, ti ọlọ́pàá ni. Ó bi mí pé kí ni àwọn ẹsẹ̀ náà jí. Mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ wa kò ní mú aláìṣẹ̀. Ìgbà tí o wálé fún ọdún Àjíǹde lo tó là á yé wa. O ní ọ̀nà méjì ló wà láti bo egbò tó kọ̀ tí kò jiná. Ọ̀nà àtijọ́ ni kí ẹ bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára itan kí ẹ tẹ́ ẹ lé egbò lórí. Ọ̀nà tuntun, èyí tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ ti ń làágùn lé lórí, ni kí ẹ gé ẹran tó nípọn nítòsí egbò náà láìjá iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un, kí ẹ wá yí i bò ó. Ẹ fẹ́ mọ èyí tó dára jù. Mo ní ṣé ẹ ò mọ̀ ni? O ní rárá, ẹ ò mọ̀. Ó dùn mí díẹ̀ pé lẹ́yìn gbogbo ilé ìwé yẹn, ẹ ò tíì mọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà mú mi rántí Fosuaa ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ náà mọ̀ pé òun ló gbà ọ́ lọ́wọ́ agbẹ̀bí tó sì wẹ̀ ọ́ ní ìwẹ̀ àkọ́kọ́. Igi ìdáná ló já lé e lójúgun, egbò náà kọ̀ kò san, ó kàn ń fẹ̀ sí i ni. Ó dé ibi tó jẹ́ pé ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì kí òórùn má bàa kan ẹlòmíràn, tó bá sì lọ síbi ìsìnkú, á gbé abọ́ tirẹ̀ dání. Wọ́n ti sọ fún un níbì kan pé gígé ni kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ó ní kí wọ́n sin òun tòun ti ẹsẹ̀ méjèèjì.

Bí mo ṣe mú un wá bá ọ ní Kumasi nìyẹn. Ẹ fi nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ pa á lẹ́sẹ̀, ẹ gbé ohun kékeré kan bíi bírò lé e, ẹsẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, fúù, fúù, fúù, bí ẹni ń fẹ́ná. Fosuaa di ọwọ́ mi mú, ó ní, Yaa Dufie, ta ló wà nínú ẹsẹ̀ mi? O rẹ́rìn-ín, o ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, pé iṣan rẹ̀ là dáadáa, ó lè wọ inú ìwádìí náà. Títí dòní Fosuaa ń sọ fáwọn èèyàn pé wọ́n ti gbọ́ ẹsẹ̀ òun lórí rédíò. O tún sọ pé ìgbìmọ̀ kan tó ń rí sí ìwà ló gbà yín láàyè láti ṣe iṣẹ́ náà. Mo ní kí o mú mi dé ọ̀dọ̀ wọn kí n jẹ́rìí, torí kò sẹ́ni tó mọ ìwà rẹ jù mí lọ, àti pé yàtọ̀ sí ẹran tó o máa ń yọ nínú ọbẹ̀ nígbà kan, mi ò rí àléébù kankan. O kò mú mi lọ. Bóyá o ṣì ń rántí ẹran náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́ ni ìgbà tí o ní kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa yan ọ̀nà tí Fosuaa máa gbà, pé kọ̀ǹpútà ló ń yàn án. Mo ní kò burú, ọmọ ta ni, ìlú wo ló ti wá, kí n fi àkùkọ kan kí i? O ní, Maame, kì í ṣe èèyàn. Mo ní bí kì í bá ṣe èèyàn, ó yẹ kó rọrùn láti bẹ̀, torí kò ní ẹbí tirẹ̀ tó fẹ́ gbè lẹ́yìn wọn. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa jáde, ọ̀nà àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà yàn fún Fosuaa.

O mọ ohun tí mo sọ. Mo ní kí o yí i padà. Mo ní ta ló máa mọ̀? Mo ní obìnrin yìí ló wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó o dáyé, ìwọ náà ló wá fẹ́ fún un ní awọ fẹ́lẹ́ bíi ti àlùbọ́sà, tí àwọn àjòjì á máa gba ẹran tó nípọn! O kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀, n kò rí ojú rẹ. Nígbà tó o yíjú padà, o ní, Maame, tí mo bá yí ti Eno Fosuaa, gbogbo ohun tí mo bá sọ lórí iṣẹ́ yìí di irọ́. O ní, ẹ sì rò pé tuntun ló dára jù, èmi náà ń rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀, ẹ̀yin náà ò mọ̀. O wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Fosuaa, o ní tí kò bá fẹ́ mọ́, kó jáde nínú ìwádìí náà, ìtọ́jú rẹ̀ ò ní dínkù. Fosuaa ní ọmọ yìí ò purọ́ fún òun nígbà tí kò tíì léyín, kò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ máa bó awọ yín lọ.

Èmi ni mo bínú wálé, tí mi ò gba oúnjẹ tó o dì fún mi. Mi ò tọrọ àforíjì o, ìyá rẹ ni mí. Bó ṣe rí ni mò ń sọ.

Nígbà tí Fosuaa padà dé, tí wọ́n fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ le láti ọmọ ìka dé orúnkún, ẹnu ò sin lára wa. Opanin Safo, àgbà ìlú tí kì í kúrò níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí akpeteshie, pè mí láàárín ọ̀nà, ó ní, Yaa Dufie, ọmọ ẹ mà káre o! Ẹran fún àjòjì, awọ fún ará ilé! Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ìborùn bojú, mo gba ẹ̀yìnkùlé wálé. Ìwọ náà mọ̀ pé irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ sí mi.

Awọ náà mú. Ọjọ́ tí ẹ tú báńdéèjì náà kúrò pátápátá, Fosuaa fi ìka kan án bí ẹni ń kan ọmọ tuntun, awọ pupa tó ń dán, ojú egbò ti pa dé. Ó sunkún débi pé ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n inú mi ò tíì rọ̀. Ohun tí mò ń rò ni pé bí èyí tó jẹ́ àjẹkù bá ṣiṣẹ́ báyìí, kí ni tuntun yóò ti ṣe fún àwọn tó gbà á? Tìbínú-tìbínú ni mo fi bá ọ wá sí ìpàdé yẹn tí o ti fẹ́ sọ ohun tí ẹ rí.

Inú gbọ̀ngàn náà tutù bí ẹni pé ẹ fẹ́ tọ́jú ẹja síbẹ̀. Dókítà obìnrin kan tó wá láti Tamale jókòó tì mí, ó gbọ́ Twi, èdè wa, díẹ̀, òun ló ń túmọ̀ fún mi. Nígbà tó o ní àwọn tó ń wọn egbò náà ò mọ ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni gbà, ó ní ohun tí ẹ ń pe irú wọn ni afọ́jú. Àánú wọn ṣe mí. Mo gbàdúrà fún wọn láìlanu. Nígbà tí ẹ lọ mu omi, ó fi ọ̀kan hàn mí nínú wọn, ọkùnrin náà ń ka fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́wọ́ sókè, mo yin Ọlọ́run tó là á lójú. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó jọ pé kò yé e.

Lẹ́yìn náà lo wá sọ ọ́. O ní fún irú egbò tí ẹ wò, ọ̀nà tuntun kò dára ju ti àtijọ́ lọ. Méjèèjì ń jiná bákan náà, àmọ́ àwọn tó gba ti àtijọ́ tètè ń lọ sílé, ìrora wọn sì kéré. Bàbá onírùngbọ̀n funfun yẹn tó ti Accra wá dìde, ohùn rẹ̀ le, ó ní ṣé ohun tí dókítà ń sọ ni pé ọ̀nà tí dókítà fúnra rẹ̀ ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyí ṣe, kò ju ti àwọn àgbà lọ? Mo rò pé wàá wá ọ̀rọ̀ fi bò ó, bí èmi ìbá ti ṣe. O ní, bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohun tí a rí nìyẹn.

Bàbá náà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ni gbogbo ilé bá gbà á.

Mo bi obìnrin Tamale pé ṣé ọmọ mi pàdánù ni, kí ló dé tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó pàdánù? Ó ní, Eno, ìyá mi, láti ọ̀la lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà tí a ò ní gé ẹran wọn lásán mọ́, torí ọmọ yín ò bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní, èmi náà ti ń gé e. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé ká ní o gbọ́ tèmi lọ́jọ́ yẹn, tí ìyá gbogbo dókítà tó kù náà sì wá bẹ̀ wọ́n, kò sẹ́ni tí ìbá mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà láéláé. Ni mo bá dìde, mo tú ìborùn mi, mo ń jù ú sókè, mo ní èmi ni mo bí i! Èmi Yaa Dufie! Bí ojú bá tì ọ́, máa farabalẹ̀, kò ní jẹ́ ìgbà ìkẹyìn.

Mo ròyìn fún bàbá rẹ. Ó bi mí pé ṣé ojú ọ̀gá rẹ tí ẹ jọ ń ṣe é lo ti sọ ọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọlé, ó lọ gbé aṣọ rẹ̀ tó dára jù ró, ó jáde lọ jókòó sẹ́bàá títì. Àwọn èèyàn ń bi í pé ìsìnkú ta ni, ó ní kò sẹ́ni tó kú, ọmọ òun ló sọ̀rọ̀ ní Kumasi. Safo pàápàá wá jókòó tì í, ó ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé awọ dára. Mo fi í sílẹ̀. Ayọ̀ yẹn tó mi.

Ní ti owó, jọ̀ọ́, páànù ilé ìdáná ti jò, bàbá rẹ sì nílò oògùn ikọ́, ti àlejò àti ti gidi. Tó o bá tún máa fi owó sínú fóònù, fi àmì díẹ̀ sára rẹ̀, torí èyí tí ọmọ inú kíósì kó fún mi lọ́jọ́sí ti rún, mi ò gbà pé owó tó ti ọwọ́ dókítà wá ló rí bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin kan ló mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Nyarko lorúkọ rẹ̀, abúlé tó wà lẹ́yìn òkè ló ti wá, Fosuaa ló rán an sí mi. Ó rìn wá láti òwúrọ̀, ó fi aṣọ di ojúgun rẹ̀, mi ò sì ní sọ bó ṣe ń rùn torí ó wà níwájú mi níbí, ó ń jẹ fùfú bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni dókítà kan wà tó máa ń sọ pé òun ò mọ̀ nígbà tí kò bá mọ̀. Mo ní ó wà. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́ kí o fún òun ní èyí tó dára jù. Mo ní mi ò ní bẹ̀ ọ́. Mo ní kó jẹun yó, kó lọ bá ọ, ohunkóhun tó o bá sọ fún un, kó gbà á.

Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n, kí ojú rẹ má ṣú. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọmọ tí yóò ṣe ọ́ bó o ṣe ṣe mí.

Tó o bá kà á tán, jọ̀ọ́, wo ẹsẹ̀ Nyarko.

Èmi ni ìyá rẹ,
Yaa Dufie.