Ìdí Tí Apẹ̀rẹ̀ Ìyàwó Wa Kò Fi Tíì Dé

Ọmọ mi,

Èmi tí mo sùn lórí àpò nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, tí omi gbé ọkọ̀ mi lọ lẹ́ẹ̀mejì, tí karahun ya àtẹ́lẹsẹ̀ mi títí mo fi ń rìn bí adìẹ tí wọ́n so lókùn, tí wọ́n lé kúrò nílé ìwé kí ọwọ́ mi tó mọ lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé dì mú, èmi náà ni mo fi ẹran inú karahun kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi náà ni mo sì ń fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó wa àti ẹni tó wà níkùn rẹ̀. Yóò sọ̀ wẹ́rẹ́, yóò gbọ́ ohùn ọmọ, ọmọ yóò gbọ́ ohùn ìyá. Ara wa le nílé. Ìyá rẹ ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ni pé ara tirẹ̀ náà le.

O ní oyún yìí ò jẹ́ kí ìyàwó wa lè jẹ nǹkan kan, àfi ẹran karahun mi, àwọn ẹran omi tí karahun méjì bò, tí mò ń fi ọ̀bẹ já kúrò lára gbòǹgbò igi létí omi láti kékeré, àti pé tútù ló fẹ́ ẹ, kò gbọdọ̀ kan iná. Mo ṣèlérí apẹ̀rẹ̀ kan, o sì mọ̀ pé ìlérí mi kì í yẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ náà kò ní wá. Ka ìdí rẹ̀ tán kó o tó bínú.

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣàyẹ̀wò omi dé bá wa níjọ́sí. Ó ní ẹran karahun kọ̀ọ̀kan ń fa omi sínú, ó ń sẹ́ ẹ bí asẹ́, ó ń tú èyí tó mọ́ jáde. Orí mi wú. Àṣé òṣìṣẹ́ ni mo ní láti ọjọ́ yìí wá láìmọ̀. O rántí ilé ìgbẹ́ òkè tí mo ṣe, èyí tá a ń tẹ̀ kí omi tó ṣàn? Mo pe púlọ́mbà, mo ní kó fa páìpù rẹ̀ gùn dé orí àwọn ẹran náà gan-an, kí wọ́n lè ríṣẹ́ ṣe. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú, mo bi í pé ta ló ń sanwó, ó sì fà á. Omi ibẹ̀ ṣì mọ́ kedere, mo ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì ń pe àwọn èèyàn wá wò ó.

Ọmọbìnrin yẹn tún wá, ó kó díẹ̀ nínú wọn lọ sílé àyẹ̀wò. Kò dá ìkankan padà, mo sì gbà pé ó ti jẹ wọ́n. Ìgbà tó yá ló sọ̀rọ̀ lórí fóònù mi. Mo kí i, kò dáhùn. Mo tún kí i, ó ṣáà ń sọ tirẹ̀ lọ. Mo ní ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé rèé. Ìyá rẹ ló ní ohùn tó gbà sílẹ̀ ni, kí n panu mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí, tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, kún inú wọn fọ́fọ́. Mo wọ awò ojú mi, mo la mẹ́ta, mi ò rí kòkòrò kan. Mo pè é pé omi mi mọ́. Ó fi sùúrù sọ fún mi pé omi lè mọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí asẹ́ bá sẹ́, inú asẹ́ ló wà, kí aboyún má fi ẹnu kàn án rárá.

Ìyá rẹ ní ṣé ilé ìgbẹ́ wa ni mo fẹ́ dì sínú apẹ̀rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo bínú, mo lọ jókòó létí omi. Mo rò ó. Wọn ò lẹ́sẹ̀ tí wọ́n lè fi sá. Ohunkóhun tá a bá dà sílẹ̀, wọ́n á gbé e mì, wọn ò ní ráhùn, wọ́n á dá omi padà fún wa ní mímọ́. Èmi tí mò ń sọ pé mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, àwọn ló ń gbé ẹ̀gbin mi mì, mo sì tún ń fi ọ̀bẹ là wọ́n jẹ. Mo tún pe ọmọbìnrin náà, mo bi í bóyá wọ́n ti bàjẹ́ títí láé. Ó ní rárá, bá a bá gbé wọn lọ síbi tí omi ti mọ́, wọ́n á fọ inú ara wọn díẹ̀díẹ̀, òun á sì tún yẹ̀ wọ́n wò kẹ́nikẹ́ni tó jẹ. Ìyàwó wa á dúró kó bímọ ná.

Owó wà lọ́wọ́ mi o, mi ò tọrọ. Ṣùgbọ́n a fẹ́ gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí sẹ́yìn ilé, bó o bá dá sí owó sìmẹ́ǹtì, á jẹ́ pé ìwọ náà lọ́wọ́ sí i. Awakọ̀ ni kó o fi rán, má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn gbé káàdì mi mì, mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò pọ̀ ọ́ jáde.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ̀yin méjèèjì, ọmọ á bá wa láyọ̀, á sì bá omi tó ṣeé wẹ̀ nílé wa.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni mo máa gé páìpù yẹn. Títí kòtò á fi parí, ṣáláńgá àtijọ́ ni gbogbo wa ó máa lò, èmi onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Bí mo bá gé e tán, màá kó àwọn ẹran náà sínú ọkọ̀, màá wà á lọ sápá òkun, síbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́lé sí.