Ẹ̀yìn Le, Iwájú Rọ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹwàá, 1976
A tún borí. Fìdítì 1, Iware 0. Ọmọ Iware kan ló fi orí kan bọ́ọ̀lù sílé ara rẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrin rèé nínú ìdíje yìí, ọmọ iwájú wa kankan ò tíì gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Pẹ́náritì méjì tí àwọn ẹlẹ́yìn gbá, ẹ̀bùn méjì tí ọ̀tá fún wa — òun la fi débí. Èmi tí mo ń ṣọ́lé, gbogbo ìgbúnwọ́ mi ti bó. Ọlájídé, ọmọ iwájú wa, ni wọ́n gbé léjìká yí ọjà ká. Ọlájídé tí mo ń pè ní Ẹsẹ̀-Òwú. Kí ló ṣe?

Ọjọ́ Ajé, 4
Mo lọ bá Tíṣà Ògúnníyì, kóòṣì wa. Mo ní kí wọ́n fi Sìrájù, ọmọ tí wọn kì í jẹ́ kó wọ ìdíje, síwájú. Nígbà ìdánrawò, ọmọ yẹn gbá mẹ́ta wọlé mi, n ò rí ọ̀kan mú. Tíṣà ní ọmọ ìlú Akinmorin ni. Fìdítì ni wọ́n bí i sí o. Bàbá rẹ̀ ló ti Akinmorin wá.
"Ògúnwálé," ni Tíṣà wí, "ẹni tí wọn ò bá gbá wọlé rẹ̀ kì í pàdánù. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o mú bọ́ọ̀lù."
Mo rò ó lọ́kàn pé bí wọ́n bá ń kan ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ni yóò ṣí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Fìdítì 1, Jóbẹ́lẹ̀ 0. Pẹ́náritì ni. Ó ku Ìlọ́rá nìkan, wọn a gbé ife fún wa. Mo dì mọ́ bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ẹnìkan tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìka àárín, ọwọ́ ọ̀tún — ó kán.

Ọjọ́ Àìkú, 10
N ò lè di òòlù mú. Káfíńtà wo nìyí?

Ọjọ́bọ̀, 14
Àyìnkẹ́ ìyàwó mi ní kí n sọ fún Tíṣà pé n ò lè gbá ti Ìlọ́rá. Ó ní àwọn tó ń retí ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ mi ò ní fi ife ti ilé wọn. Mo lọ. Tíṣà ní kí n fi aṣọ di ìka náà, kí n ṣọ́lé. Àwọn ọmọ iwájú jókòó síbẹ̀, ara wọn dá ṣáṣá. N ò kí Ọlájídé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23
Ìlọ́rá 1, Fìdítì 0.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọlájídé dá kojú aṣọ́lé wọn. Ó gbá gbogbo rẹ̀ sígbó. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, bọ́ọ̀lù kan rọra bọ̀ — kò le rárá. Ọwọ́ mi méjèèjì bà á. Ó yọ́ bọ́ láàárín wọn.
Bọ̀lẹ̀kájà gbé wa padà sílé. Obìnrin kan ní gáréèjì ní èmi ni mo tà wọ́n.

Ọjọ́ Ajé, 25
Ìpàdé. Tíṣà ní góòlù kan ṣoṣo ló pa wá, gbogbo wa sì mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Mo dìde, mo ní kí ọmọ iwájú kọ̀ọ̀kan sọ iye tóun gbá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀.
Ọlájídé dìde. "Òdo," ló wí. Ó ní bóun bá ti rí ojú ilé báyìí, ẹsẹ̀ òun á kú. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti bẹ Tíṣà pé kí wọ́n jẹ́ kóun jókòó, kí Sìrájù wọlé. Ó ní èsì Tíṣà ni pé ìlú á ní kóòṣì gbé ipò ọmọ onílẹ̀ fún àlejò.
A wo Tíṣà. Kò sẹ́. Ojú pátákó ìkọ̀wé ló ń wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26
Mo lọ bẹ Ọlájídé. Ìyá rẹ̀ ní ó ti wọ mọ́tò Ìbàdàn láàárọ̀, kò sọ ìgbà tóun ń bọ̀.
Lọ́sàn-án, Tíṣà ránṣẹ́: ìdánrawò fún ìdíje tó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, Sìrájù ni yóò gba iwájú. Mo ní kí ẹni tí wọ́n rán bá mi sọ fún Tíṣà kí wọ́n wá aṣọ́lé mìíràn.