Ojú Ọjọ́ Ìlú Yín

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, àbúrò wa náà sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló mú mi kọ̀wé. Iléeṣẹ́ sátẹ́láìtì ti pa gbogbo ìkànnì àtijọ́ tí àwòrán wọn kò dán, wọ́n ní dekódà tuntun ló lè gbé àwọn tó dán. Ìkànnì ìlú yín lókè òkun bá wọn lọ. Ibẹ̀ ni Màmá ti ń wo ojú ọjọ́ yín nírọ̀lẹ́. Bí òtútù bá ń mú lọ́dọ̀ yín, Màmá á wọ súwẹ́tà nínú ooru níbí.

Ní báyìí, èmi ni wọ́n ń bi pé, "Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ?" N kò mọ̀, mo kàn ń dáhùn ṣáá ni. Lánàá mo ní oòrùn ràn. Màmá bọ́ súwẹ́tà, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ó dáa, aṣọ ọmọ mi á tètè gbẹ." Ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni, àbí ìtọ́jú ni mò ń ṣe?

Mo ní kí n ra dekódà náà, Màmá kọ̀: "Fowó rẹ pamọ́. Ẹni tó ń gbé inú òjò ọ̀hún, ṣé kò lẹ́nu ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé iṣẹ́ kì í jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè, ṣùgbọ́n ẹ máa pè wá nírọ̀lẹ́, kódà kó jẹ́ "òjò ń rọ̀" nìkan lẹ máa sọ. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òtútù ibẹ̀ rí yín gbé ṣe. Ohùn yín là ń retí.

Èmi àbúrò yín.